Ta Ló Ń Gbálẹ̀ Nínú Orin Náà?

Nílé sinimá yẹn, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ àbísọ pe obìnrin tó ń gbálẹ̀. Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè é, látorí Máníjà dórí ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Bí fíìmù bá parí, tí àwọn kan ṣì jókòó pa bí ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀, òun ló máa ń yọ sí wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á ní, "Ẹ gbẹ́sẹ̀!" Kì í pariwo, kì í sì í bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti gbẹ́sẹ̀ fún un rí. Lọ́yà kan tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lábẹ́lẹ̀ gbẹ́sẹ̀ fún un, ìyàwó náà gbẹ́sẹ̀, ìjà sì parí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì fìdí kan ọ̀kan nínú àwọn àga wọ̀nyẹn rí.

Òfin méjì ló de ilé sinimá náà. Àkọ́kọ́ ni pé èrò kankan kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn tí wọn kò tíì gbá. Ìyẹn dára. Ìkejì ni pé bí orúkọ àwọn tó ṣe fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú aṣọ funfun, kí Baba Ẹ̀rọ, tó ń fi fíìmù hàn láti inú yàrá kótópó kan lókè, dá ẹ̀rọ dúró kíá, kó tan iná, kí èrò jáde, kí ìgbálẹ̀ wọlé. Ìyẹn kò dára rárá, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́? Máníjà ní kò sẹ́ni tó ń jáde nílé torí kó lè wá wo orúkọ olórúkọ. Orin tó sì yẹ kó sin àwọn orúkọ náà dé òpin, orin tí àwọn èèyàn fi ìka wọn àti èémí wọn ṣe, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gé e láàárín bí ẹni gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n.

Fíìmù kan wá dé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ni, tó kúrò ní abúlé wọn lẹ́yìn òkè lọ sí ìlú ńlá, tó wá ń padà bọ̀ wálé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ kò rí i. Ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í wo fíìmù, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti máa ń gbọ́ ọ. Orí korobá tó da ojú rẹ̀ bolẹ̀ ló máa ń jókòó sí, á gbé ìgbálẹ̀ lé itan, á máa retí ìparí. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ fetí sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orin ti fíìmù yìí kò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà mìíràn, gòjé òyìnbó bí ogójì á jọ bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà, tí ilẹ̀kùn tó fẹ̀yìn tì á máa gbọ̀n sí i lẹ́yìn. Kó tó mí, wọ́n á ti dákẹ́, dùùrù kan á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí tó ṣì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ dájú, fèrè idẹ kan tí wọ́n fi nǹkan dí lẹ́nu á sì máa dá a lóhùn látòkèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni àkọ́díọ̀nù, dùùrù àfọwọ́fà tó ń mí bí ẹwìrì, á dé, ijó á bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ á fi máa fi ìdí ìgbálẹ̀ lu ilẹ̀ láìmọ̀. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ń bínú. Ó ń bínú pé ó ti di ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta kí irú nǹkan báyìí tó kàn án lára, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ló sì ti kàn án.

Ní ọjọ́ kẹrin, Baba Ẹ̀rọ ṣe àṣìṣe. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó tan iná, ṣùgbọ́n ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ló bá sáré bọ́ sílẹ̀ láìdá ẹ̀rọ dúró. Èrò jáde. Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orin sì ń lọ lórí rẹ̀. Ó gbá ìlà àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ó dé àárín ìlà kẹta nígbà tí gbogbo gòjé dákẹ́, ó sì gbọ́ ìgbálẹ̀ tirẹ̀ tó ń dún: ṣàà, ṣàà, ṣà-ṣàà. Ó dáwọ́ dúró kó lè gbọ́ orin náà dáadáa. Ó dáwọ́ dúró, àmọ́ ìgbálẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Ó wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ àga. Ẹnì kan ń gbálẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yẹn, tàbí nínú orin yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n gbá. Ẹni tó bá ń gbá ìdọ̀tí lọ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ á dún gbọọrọ, á sinmi díẹ̀, kó tó tún na ọwọ́. Ẹni yìí kò sinmi. Ó ń gbá a yípo ni, bí ẹni tó ń gbá iwájú ilé kékeré kan láti etí wá sáàárín.  Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ jókòó, ó kù díẹ̀ kó jókòó, nígbà tí Baba Ẹ̀rọ sáré gòkè padà, tó sì pa ẹ̀rọ.

Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ kò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Ó sọ fún ọmọbìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn lọ bá Baba Ẹ̀rọ.

"Baba Ẹ̀rọ, ta ló ń gbálẹ̀ nínú orin yẹn?"

"Ìwọ lò ń gbálẹ̀, ìwọ náà lo tún ń bèèrè ẹni tó ń gbálẹ̀."

"Mo ní mo dúró, kò dúró. Àbí ìwọ ò gbọ́ ọ ni?"

"Gbọ́ kí ni? Ogún ọdún ni mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yìí. Ariwo ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́, títí kan ojú oorun mi."

"Jẹ́ kó dé òpin lọ́la. Lẹ́ẹ̀kan péré."

"Máníjà ti bá mi wí torí tòní. Má kó mi sí wàhálà, arẹwà obìnrin."

Àfi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí àkọ́bí Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ìyá tó bí i gan-an, bí aláìsàn ló ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ó wá sílé ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka lórí iṣan.

"Màmá, ohùn yẹn, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ nílé náà?"

"Inú orin ló wà. Ṣé orin ń bẹ nílé mi ni?"

"Ṣé kì í pè yín lórúkọ?"

Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. "Ìgbálẹ̀ ni mo sọ fún ẹ. Ìwọ ti rí ìgbálẹ̀ tó ń peni lórúkọ rí?"

"Ẹ má bínú, Màmá. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo etí yín. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kí ẹ wá máa bá mi gbé. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Yàrá yín ti wà nílẹ̀, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì."

Ó ti ra bẹ́ẹ̀dì! Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí ló bí ìyá nínú jù. Òótọ́ ni pé ìfẹ́ ló wà ní ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ kí wọ́n tó bi ọ́ bóyá oorun ń kùn ọ́, wọ́n ti ń fẹ̀sọ̀ sin ọ́ nìyẹn. Ó dìde dúró.

"Gbọ́ mi. Ọjọ́bọ̀ ni fíìmù yẹn ń kúrò lọ́dọ̀ wa. Wá wò ó. Tí kò bá sí ìgbálẹ̀ nínú orin yẹn, èmi fúnra mi ni màá gbé ìgbálẹ̀ mi lé ẹ lọ́wọ́, màá sì bá ẹ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mi ò ní jiyàn."

"Tó bá wà ńbẹ̀ ńkọ́?"

"O ò ní dárúkọ etí sí mi létí mọ́ títí màá fi kú."

Nọ́ọ̀sì gbà. Ó dá a lójú pé òun ti borí, ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọ̀ tí kọ́tìnnì yàrá ìyá rẹ̀ máa jẹ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n fi fíìmù náà hàn kẹ́yìn ní ọ̀sán. Ó ṣẹlẹ̀ pé ìwé ìròyìn ti gbóríyìn fún orin rẹ̀, Máníjà sì ti pe ọ̀mọ̀wé kan tó ń kọ́ni lórin ní yunifásítì pé kó wá bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó bá parí. Bí ogójì èèyàn ló wá. Nọ́ọ̀sì jókòó ní ìlà kejì, báàgì rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí korobá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń retí pé bóyá Baba Ẹ̀rọ á jẹ́ kó dé òpin. Fíìmù parí, orúkọ àkọ́kọ́ yọ, Baba Ẹ̀rọ dá ẹ̀rọ dúró, ó tan iná bí òfin ṣe wí. Ọ̀mọ̀wé gun orí pèpéle.

Ká má purọ́, ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ohùn mẹ́ta ló wà nínú orin yìí. Ó ní ẹgbẹ́ olórin ńlá náà, gòjé, fèrè àti ìlù bàǹtàbàǹtà wọn, òkè tó dúró láàárín ọkùnrin yẹn àti ilé rẹ̀ nìyẹn. Jáàsì, orin àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tó ń kọsẹ̀ tó ń dìde, ni ìlú ńlá tó ti lo ọgbọ̀n ọdún, níbi tí èèyàn ti ń kọ́ láti máa hùmọ̀ ọ̀nà bó ṣe ń rìn. Àkọ́díọ̀nù àti ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì ni orin ìbílẹ̀ àwọn ará abúlé Yúróòpù, tó dúró fún ìgbà ọmọdé ọkùnrin náà. "Ẹni tó kọ orin yìí kò yan ọ̀kan kó pa ìyókù tì," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Ó jẹ́ kí wọ́n máa bára wọn jà, kí wọ́n máa bára wọn rẹ́, títí ọkùnrin náà fi kanlẹ̀kùn ilé." Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀, tó ti wọlé dúró lẹ́yìn pátápátá, ń mi orí. Ohun tó ń gbọ́ lórí korobá ni ọkùnrin yìí ń fi ẹnu sọ.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?"

Ìgbálẹ̀ ló gòkè dípò ọwọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ta ló ń gbálẹ̀ ńbẹ̀?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tẹ orí ba. Máníjà, ọmọ tí Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ lè bí ní àbígbẹ̀yìn, ti dìde kíákíá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀mọ̀wé, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn ló ń gbálẹ̀ níbí."

"Kò burú, kò burú," ni Ọ̀mọ̀wé wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, kò sẹ́ni tó ń gbálẹ̀ nínú ẹ̀. Bóyá gbohùngbohùn ibí yìí ló ti gbó. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti wá gbọ́ orin yìí."

"Ẹ gbọ́ ọ dé òpin?"

"Dé òpin, bẹ́ẹ̀ ni. Títí tó fi kanlẹ̀kùn."

"Mi ò sọ ti ilẹ̀kùn. Orin tó wà lábẹ́ orúkọ àwọn èèyàn yẹn ni mò ń wí. Ẹ gbọ́ ọ tán?"

Ọ̀mọ̀wé tún fìlà rẹ̀ dé. Kò gbọ́ ọ. Ibo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ? Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ti dìde bí gbogbo èèyàn nígbà tí iná bá tàn, tó mú fìlà rẹ̀, tó lọ sílé lọ kọ nǹkan tó mọ̀.

"Ó ti tó," ni Máníjà wí. "Èrò ti tò síta fún fíìmù tó kàn. Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀, ẹ gbálẹ̀."

"Mi ò gbá a."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò gbá a. Ẹ jẹ́ kí orin yẹn dé òpin, màá gbá ilẹ̀ yín débi tí ẹ lè jẹun lórí ẹ̀. Tí kò bá dé òpin, mi ò gbá a."

Ó sọ̀kalẹ̀ láàárín àga, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó dé ìlà kejì, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀. Àga náà rọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ọdún mẹ́sàn-án! Ó gbé ìgbálẹ̀ lé itan, ó kawọ́ lé e.

"Ìyá, ẹ fẹ́ pàdánù iṣẹ́ yín nítorí orin?" ni Máníjà bi í.

"Nítorí etí mi ni. Òun nìkan ló jẹ́ tèmi nílé yìí."

Máníjà ní àbí wọ́n rò pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ìgbálẹ̀ mọ̀ ni? Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó mú èyí tí wọ́n fi ń gbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níwájú gbogbo èèyàn. Àánú rẹ̀ ì bá ṣeni bí kò bá pani lẹ́rìn-ín. Ó ń gbá ìdọ̀tí sí ara rẹ̀. Eruku bo ìlà iwájú, Ọ̀mọ̀wé sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bébà tíkẹ́ẹ̀tì sì lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò Máníjà. Nígbà tí eruku wọ̀ ọ́ lójú, ó jókòó pẹ̀ẹ́ sórí àga tó sún mọ́ ọn, ó ń nu ojú.

Ohùn kan sọ̀kalẹ̀ láti inú ihò kékeré tó wà lókè. Baba Ẹ̀rọ ni.

"Máníjà o! Fíìmù yẹn ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú méje péré ló kù."

"Má dán an wò!"

"Ogún ọdún," ni Baba Ẹ̀rọ wí, "mi ò tíì rí òpin fíìmù kan rí." Ló bá pa iná.

Gòjé ló kọ́kọ́ dé, gbogbo wọn, wọ́n ń ru òkè náà bọ̀. Orúkọ ń gòkè, olórin kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Jáàsì gbà á lọ́wọ́ wọn, fèrè idẹ elẹ́nu dídí ń ṣàwàdà, dùùrù ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Kò sí ìgbálẹ̀. Àkọ́díọ̀nù gbé ijó dé, ẹnì kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Kò sí ìgbálẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì rọra gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ìyá rẹ̀, ìka lórí iṣan, àánú tó wà nínú ìka yẹn sì dun Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ dé egungun. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà á. Bóyá orí òun ló ń gbálẹ̀ lóòótọ́. Ó ronú nípa bẹ́ẹ̀dì náà. Ó di ìgbálẹ̀ mú gírígírí, ó sì pinnu pé bí òun bá máa lọ, òun máa gbọ́ ọ tán ná.

Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, gbogbo gòjé dákẹ́. Àkọ́díọ̀nù mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Ó ku fèrè dúdú gbọọrọ kan ṣoṣo, tó ń kọ orin ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù ní ohùn kékeré. Lábẹ́ rẹ̀ ni nǹkan kan ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣàà. Ṣàà. Ṣà-ṣàà.

 Ó ń gbá a yípo, láti etí wá sáàárín, kò kánjú, kò sinmi. Fèrè náà dákẹ́ pẹ̀lú. Ìgbálẹ̀ nìkan ló kù. Ìgbálẹ̀ nìkan ni gbogbo ogójì èèyàn náà ń gbọ́ nínú òkùnkùn, fún odidi ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì sí gòjé tó padà wá parí orin náà. Ìgbálẹ̀ ló parí rẹ̀. Ó gbá ẹ̀ẹ̀kan sí i, ó dúró, orúkọ tán.

Iná tàn. Ọ̀mọ̀wé ti bọ́ fìlà.

"Ìlù ni," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Àwọn onílù jáàsì máa ń lo ìgbálẹ̀ kékeré onírin, wọ́n á fi gbá awọ ìlù dípò kí wọ́n fi ọ̀pá lù ú. Mo mọ̀ ọ́n, Màmá. Mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì."

"Ẹ mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ wí. "Ẹ ò gbọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì kò tíì mú ọwọ́ kúrò lórí ọwọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣan ló ń wá mọ́. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Màmá, ìyá ẹ̀ ni."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá ọkùnrin inú fíìmù yẹn. Ẹ ò rí i, ẹ̀yin wà níta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá ẹ̀ ń gbá iwájú ilé. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò ó. Wọn ò sì fi ìyá yẹn hàn wá mọ́ títí ó fi parí." Ó nu imú. "Mi ò tiẹ̀ rántí ẹ̀ mọ́."

 Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ fọwọ́ gbá ọmọ rẹ̀ lórúnkún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dìde. Máníjà náà ti nu ojú rẹ̀ tán, ó ti rántí pé òun ni ọ̀gá.

"Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀, lẹ́tà yín máa dé ọwọ́ yín lọ́la."

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa o. Ọmọ mi mọ̀wé kà."

Kò sẹ́ni tó dìde lọ. Ó rìn lọ sí ìlà iwájú, níbi tí Máníjà jókòó sí láàárín eruku tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ gbẹ́sẹ̀."

Máníjà wò ó. Ó wo Ọ̀mọ̀wé tó ti jókòó sí etí pèpéle, tó sì ti gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ méjèèjì sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí báàgì Nọ́ọ̀sì lórí itan rẹ̀, ó rí bàtà ogójì èèyàn tí ọ̀kankan nínú wọn kò kanlẹ̀. Níkẹyìn, òun náà gbẹ́sẹ̀. Ìyá Ẹ-gbẹ́sẹ̀ tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́, ó sì gbá abẹ́ rẹ̀ yípo, láti etí wá sáàárín.